Ìwé Kan Ṣoṣo fún Kíláàsì Wa

Ní ọdún tí ó ṣáájú ìdánwò àṣekágbá wa, ìwé lítíréṣọ̀ kan ṣoṣo ni kíláàsì wa ní, olùkọ́ wa ló sì ni ín. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ni wá. Àkúrẹ́ ni ilé ìwé wa wà, kò jìnnà sí Ìsìkàn níbi tí àwọn òbí mi ń gbé. Ìgbà náà le. Bàbá mi náà tíṣà ni, oṣù mẹ́ta máa ń di mẹ́rin kí ìjọba tó rántí rẹ̀. Ṣúgà ti di ohun tí à ń rí ní Kérésìmesì. Ta ni yóò wá ra ìwé ìtàn fún ọmọ nínú irú àsìkò bẹ́ẹ̀? Mo wá ìwé náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Ọjà Ọba. Ọ̀kan nínú wọn wá inú òkìtì ìwé rẹ̀ títí, ó sì mú ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń sin adìyẹ. Ó ní ìyẹn náà, òyìnbó ló kọ ọ́.

Ọmọ Oǹdó ni olùkọ́ wa, ọkùnrin gíga kan tó gbẹ bí igi ìdáná, tí kì í bọ́ kóòtù rẹ̀, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ó ṣe ń ka Bíbélì ni ó ṣe ń ka ìwé fún wa: á dúró ṣánṣán, á gbójú sókè, ohùn rẹ̀ á wá lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń túfọ̀. Ó fẹ́ràn ìwé yẹn ju bí a ṣe fẹ́ràn àkókò ìsinmi lọ.

Òyìnbó kan ló kọ ọ́ láyé àtijọ́. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni tí bàbá rẹ̀ kú, tí ó wá ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, nínú ilé ńlá kan létí òkun. Ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan wà tó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti rí i, á ṣí fìlà, á wo òkun, á mí kanlẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣe èyí fún ojú ìwé tó lé ní igba. Kí a tilẹ̀ tó pàdé àwọn méjèèjì, odidi ojú ìwé mọ́kànlá ni ẹni tó kọ ọ́ fi sọ̀rọ̀ kùrukùru tó ń ti orí òkun bọ̀. Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Kò sí ajá. Kùrukùru ṣáá ni.

Olùkọ́ wa wá ṣètò pé kí ìwé náà máa ti ilé dé ilé, ọjọ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn lè kà ní ọjọ́ kan, nígbà tí yóò kọ́kọ́ pọn omi, tí yóò ṣẹ́ igi, tí yóò gún iyán? Ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀, inú kùrukùru náà ni ilẹ̀ ti máa ń ṣú bá wa. Nígbà tí yóò bá fi tún yí kàn ọ́ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, o ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, o tún di ọ̀dọ̀ kùrukùru. Nígbà tí a ṣe ìdánwò, wọ́n ní kí a sọ irú ènìyàn tí ọmọbìnrin náà jẹ́. Ó ju ìdajì wa lọ tó kọ ọ́ pé ọmọbìnrin tó ń gbé níbi tí kùrukùru pọ̀ sí ni.

Nígbà tó yá, olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyókù sí wa létí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa ń bọ́ sí àsìkò kẹfà, nígbà tí gààrí tí a mu láàárọ̀ ti dìtàn nínú wa. Lọ́jọ́ kan, ó kà á dé ibi tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ọmọbìnrin náà. Ẹran màlúù tí wọ́n yan wà níbẹ̀. Ọ̀dùnkún wà níbẹ̀. Búrẹ́dì àti bọ́tà wà níbẹ̀. Olùkọ́ wa rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á pé ìbànújẹ́ dorí ọmọbìnrin náà kodò débi pé ó ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fi ọwọ́ kàn án.

Gbogbo kíláàsì ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Háà!"

Olùkọ́ wa gbójú kúrò nínú ìwé. Ojú rẹ̀ tàn yòò. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ìwé náà ti wọ̀ wá lára níkẹyìn.

"Ẹ ti ń rí i báyìí," ó wí. "Ẹ ti ń rí i."

Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn nàwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wá jẹ ẹran náà?"

"Ẹran wo?"

"Èyí tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sà."

"Ìwé kò sọ."

"Sà, àbí wọ́n dà á nù ni?"

Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló jẹ ẹ́ ní ilé ìdáná. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní irọ́ ni, Àǹtí kò lè gbà, yóò ti tọ́jú rẹ̀ di àárọ̀. Ẹnì kan ní ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ nì ni ì bá pè wá jẹ ẹ́, bóyá ẹnu rẹ̀ á là. A fa ọ̀rọ̀ yìí títí agogo fi lù. N kò rí ọjọ́ tí kíláàsì náà fi inú kan sọ̀rọ̀ ìwé bí ọjọ́ yẹn rí. Olùkọ́ wa pa ìwé rẹ̀ dé, ó fi í sí abẹ́ apá, ó sì jáde láìkí wa.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà kàn mí lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ni pé yóò wà lọ́wọ́ mi di ọjọ́ Ajé. Mo búra pé màá la kùrukùru náà já lọ́tẹ̀ yìí. Ní àárọ̀ Sátidé, màmá mi ní kí n bu omi sí ìkòkò láti inú àgbá tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo mú ìwé dání lọ. Mo ń fi ọwọ́ kan bu omi, mo ń fi ọwọ́ kejì dì í mú, mo ń kà á. Mo ti dé ojú ìwé kẹsàn-án. Bí mo ṣe fẹ́ ṣí i sí ìkẹwàá ni ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ró gbì nínú àgbá.

Màmá mi sáré jáde. "Omi mi o!" ó kígbe. A ti tò fún omi náà láti ìdájí. Kò bèèrè ohun tó já sínú rẹ̀.

Mo yọ ìwé náà jáde. Ó ti wú bí búrẹ́dì tí a rì bọ tíì. Ojú ọjọ́ ṣú lọ́jọ́ náà, oòrùn kò yọ, kò sì sí ibi tí mo lè sá a sí. Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn: mo dáná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú bàbá mi, mo gbé ìwé ka orí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ń ṣiṣẹ́! Ooru ń jáde, ìwé ń gbẹ, ó ń ta sánsán bí aṣọ Ìsinmi. Mo ti lọ ojú ìwé tó lé ní igba nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo wá rò ó pé tí mo bá kó ìyókù pọ̀ kí n sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e díẹ̀, ooru náà á wọ ìsàlẹ̀. Mo gbé e lé e. Màmá mi pè mí pé kí n wá bá òun di igi tí òun ń gé mú. Nígbà tí mo padà dé, èéfín ti gba yàrá.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ mú ìwé náà. Ihò tó rí bí ojú áyọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́ ti la ojú ìwé mọ́kàndínlógójì tó kẹ́yìn já. Bàbá mi gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì yọjú wò mí láti inú ihò náà.

"Ó dáa," ó wí. "Mo ń rí ìparí rẹ̀ kedere."

Ọjọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀ níwájú tábìlì olùkọ́ wa kí ó tó ní kí n kúnlẹ̀. Ó gba ìwé náà. Ó ṣí i. Ó fi ìka tọ́ etí ihò náà, dúdú rẹ̀ sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ń retí ẹgba. Ẹgba kò wá. Ó ní ìwé náà ti wà lọ́wọ́ òun láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àti pé ẹni tó kọ́ òun nígbà náà ṣì wà láyé ní Oǹdó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni òun mọ̀ tí ẹ̀dà mìíràn wà.

"Oǹdó kọ́ ni wọ́n ti bí ìyá rẹ?" ó bi mí.

"Oǹdó ni, sà."

"Nígbà tí ẹ bá gba họlidé, o ó lọ bá a. O ó fi ọwọ́ ara rẹ da ìyókù kọ. Ìwọ lo jó o, ìwọ ni o máa mú un bọ̀."

Àwọn ẹgbẹ́ mi kò bínú sí mi rárá. Ọmọkùnrin tó bèèrè ẹran nì tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ló dé tí n kò jó kùrukùru mọ́ ọn.

Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà tí a gba họlidé. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo dé gáréèjì ní Àkúrẹ́, ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ tó gbéra, a sì fún ara wa mọ́nú rẹ̀ bí ẹja inú páálí. Ìrìn tí kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ gbà wá títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Opó ni, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, ó sì lè ka Bíbélì Yorùbá, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè òyìnbó. Èdè Oǹdó tó jinlẹ̀ ló ń sọ. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí bí gbogbo wa yóò ṣe gbọ́ ọ. Bí mo bá sì ti la ẹnu mi tí mo pe ilé ní "ulé" bí ará Àkúrẹ́, á bú sẹ́rìn-ín, á ní ta ló kó ọmọ òun sọnù.

Mo sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó ní òun mọ bàbá tíṣà náà, pé àwọn jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan kì í dá wọ ilé ọkùnrin.

"Ìyá, olùkọ́ wa ní ojú bàbá náà ti fọ́," mo wí.

"Ojú ló fọ́," ó dáhùn. "Òun kọ́ ló fọ́."

Bí a ṣe jọ lọ nìyẹn, èmi pẹ̀lú pẹ́ńsùlù mi, òun pẹ̀lú àtẹ ẹ̀gúsí tí yóò máa bó.

Bàbá tíṣà ń gbé ilé kan tí ògiri rẹ̀ kún fún ìwé láti ilẹ̀ dé òkè. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìgò dúdú bojú. Mo ka lẹ́tà tí olùkọ́ wa fi rán mi sí i létí. Nígbà tí mo dé ibi áyọ́ọ̀nù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Mo ti gbọ́ èyí tí ikán jẹ," ó wí. "Mo ti gbọ́ èyí tí ewúrẹ́ jẹ. N kò tíì gbọ́ èyí tí wọ́n lọ̀ rí."

Ó ní ìwé tó bá jáde nílé òun kì í wálé mọ́, nítorí náà, ibẹ̀ ni màá ti dà á kọ. Mo dúpẹ́. Mo ṣí ìwé sí ìparí rẹ̀. Ó gbọ́ ìró rẹ̀.

"Níbo lo ṣí?"

"Ìparí, sà."

"A kì í gba ojú fèrèsé wọ ilé onílé. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Kà á láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo wo Ìyá àgbà bóyá ó lè gbà mí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Mo padà sí ojú ìwé kìíní, mo sì kí kùrukùru.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá àgbà ní, "Kí ló ń sọ?"

"Kùrukùru ni, Ìyá."

Ó tún ṣe díẹ̀. "Ó ti kúrò níbẹ̀?"

"Kò tíì kúrò."

"Ṣé wọn kò ní oòrùn ni?"

Bàbá tíṣà gbọ́wọ́ sókè. Ó ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá àgbà bí mo ṣe ń kà á lọ. "Ohun tí o kò bá lè sọ fún un kí ó yé e, kò yé ìwọ náà."

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Mo rò pé mo gbọ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka gbólóhùn kan tó gùn bí ọ̀nà oko, tí Ìyá àgbà bá sì kọjú sí mi tó ń retí, mo máa ń rí i pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Màá padà, màá tún un kà, Bàbá tíṣà á sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, nígbà náà ni màá tó rí ohun tí mo lè sọ. Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, láti ìgbà tí a bá jẹun ọ̀sán tán títí oòrùn fi máa rọ̀.

"Ó mí kanlẹ̀," mo túmọ̀.

"Ó tún mí kanlẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó nìyẹn? Ṣé ikọ́ ló ń ṣe é ni?"

"Ìfẹ́ ni, Ìyá."

"Ó fẹ́ ẹ, kò sì lè sọ ọ́. Kò ní ẹ̀gbọ́n tí yóò rán? Kò ní alárinà?"

"Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, Ìyá," Bàbá tíṣà dá a lóhùn.

"Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi gùn tó báyìí."

Lọ́jọ́ kẹfà ni a kà á dé ibi tí atukọ̀ náà ti lọ sí ìrìn àjò. Láti òkè òkun lọ́hùn-ún ni ó ti wá ní ìgboyà láti kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ fi ọmọbìnrin náà ṣe aya. Àǹtí gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, ó kà á, ó sì fi í pamọ́ sínú ìkòkò tíì kan tí wọn kì í lò. Lọ́yà arúgbó kan ni òun fẹ́ kí ọmọ náà fẹ́. Nígbà tí mo túmọ̀ ibẹ̀ tán, Ìyá àgbà dìde fùú, ẹ̀gúsí sì fọ́n káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó kà á? Lẹ́tà ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ó kà á, Ìyá."

"Ó sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo wo Bàbá tíṣà. "Ó ń lọ déédéé," ó wí, bí ẹni tí ń jẹ́rìí ní kóòtù.

Láti ọjọ́ náà, mo kúrò ní akẹ́kọ̀ọ́, mo di ajíhìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì rin pákò tí Ìyá àgbà fi jí mi. "Ọmọbìnrin yẹn ti rí lẹ́tà rẹ̀?"

"Ìyá, a kò tíì kà á débẹ̀."

"Kí lo wá ń sùn sí?"

Àṣé ó ti sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ń lọ lójú ọ̀nà, obìnrin tí n kò mọ̀ rí á yọrí láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Ọmọ Àkúrẹ́, ó ti rí lẹ́tà náà?" Màá ní kò tíì rí i. Á pòṣé, á padà sídìí ọjà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní kí n bá òun sọ fún ọmọbìnrin náà pé kí ó wo inú ìkòkò tíì. Kíláàsì wa lódindi kò bìkítà fún ìwé náà tó bí àwọn obìnrin yẹn ṣe bìkítà fún un.

A parí rẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá. Atukọ̀ dé láti ìrìn àjò. Ọmọbìnrin náà kò rí lẹ́tà, ó sì ti fẹ́ lọ́yà. Atukọ̀ náà dúró lẹ́nu géètì nínú òjò, ó rí ìmọ́lẹ̀ àtùpà lójú fèrèsé, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì yí padà lọ. Bí mo ṣe ń kà á, mo rí i pé ètè Bàbá tíṣà ń ṣáájú tèmi. Ó mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bọ́ ìgò dúdú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ó tán?" Ìyá àgbà bi mí.

"Ó tán."

"Kò kan ilẹ̀kùn?"

"Kò kàn án."

"Kò pe ẹnikẹ́ni?"

"Kò sọ nǹkan kan, Ìyá."

Ó wá kọjú sí Bàbá tíṣà. "Tíṣà, irú ìwé tí ẹ ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún wọ̀nyí wá nìyí?"

"Ìyá, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà."

"Ẹwà wo? Ẹ̀wà tí à ń sè wúlò jù ú lọ."

Ó gbé àtẹ rẹ̀, ó jáde. Kí a tó délé, ó ti tún ìtàn náà ṣe. Ó ní atukọ̀ náà kan ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá ìjọ pe Àǹtí jókòó, wọ́n sì bá a wí títí ó fi mú lẹ́tà jáde. Ti lọ́yà kò le, ó kúkú ti dàgbà. Ọlọ́run rọra mú un lọ lójú oorun. Lẹ́yìn ọdún kan tí wọ́n fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ, àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn, wọ́n sì bí ìbejì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi da ojú ìwé mọ́kàndínlógójì náà kọ. Nítorí pé bébà wọ́n, ẹ̀yìn àwọn ìwé ìdánwò àtijọ́ tí Bàbá tíṣà fún mi ni mo kọ ọ́ sí. Nígbà tí ó ku abala kan, Ìyá àgbà dúró lé mi lórí. "Kọ tèmi náà," ó wí. Kí àlàáfíà lè wà, mo kọ ọ́ sí abala tó ṣẹ́kù. Mi ò kọ ọ́ pé tirẹ̀ ni.

Nígbà tí a wọlé padà ní Àkúrẹ́, àwọn tíṣà ti da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. A ń lọ sílé ìwé, kò sí ẹni tó ń kọ́ wa. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí kíláàsì wa wá gba àwọn abala náà lọ́wọ́ mi, ó gun orí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tí atukọ̀ ṣí fìlà tó ń lọ, ẹnu rọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí abala tó kẹ́yìn, níbi tí atukọ̀ ti yí ẹsẹ̀ padà tó kan ilẹ̀kùn. Yàrá mì tìtì. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gun tábìlì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìbejì, ọmọkùnrin tó bèèrè ẹran nì ju fìlà rẹ̀ sókè. Ó yẹ kí n sọ fún wọn nígbà náà. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n inú wọn dùn, inú èmi náà sì dùn pé èmi ni mo mú un wá, mo bá pa ẹnu dé. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ kọ, ti òyìnbó àti ti Ìyá àgbà.

Ìyanṣẹ́lódì náà parí, olùkọ́ wa padà dé, ó sì fún wa ní ìdánwò lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè kejì ni pé kí a sọ bí ìtàn náà ṣe parí, àti bóyá ìparí náà bá a mu. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó ìwé wa dé. Ó mú ọ̀kan, ó gbójú sókè bí ó ṣe máa ń ṣe, ó kà á pé: "Lọ́yà sì kú lójú oorun, àwọn ìyá ìjọ sì pe Àǹtí jókòó." Ó mú òmíràn. Lọ́yà kú níbẹ̀ náà. Ó ní nínú ènìyàn mọ́kànlélógójì, mẹ́tàdínlógójì ló pa lọ́yà.

Ó wá wò mí. Mo dìde fúnra mi. Mo sọ ohun gbogbo, láti orí ẹ̀gúsí tó fọ́n títí dé abala tó kẹ́yìn.

"Ìyá rẹ àgbà?" ó wí. "Ìyá rẹ àgbà ní Oǹdó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọjú sí pátákó, ó mú ṣọ́ọ̀kì bí ẹni fẹ́ kọ nǹkan. Kò kọ ọ́. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé mo ti pa á lẹ́kún. Nígbà tí ó yí padà sí wa, omi lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. A kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. Eyín kan ti yọ níwájú.

Ó fún àwọn mẹ́tàdínlógójì ní òdo lórí ìbéèrè náà. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí tábìlì, ohun tí kì í ṣe, ó ní, "Ó dára. Ìparí ti ìyá yẹn dùn. Ẹ sọ fún mi, kí ló dé tí ẹni tó kọ ìwé kò fi ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Olórí kíláàsì ní bóyá bébà rẹ̀ tán. Ẹlòmíràn ní òǹkọ̀wé náà burú ni. Ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn kò tètè nàwọ́. Nígbà tó nà án, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Sà, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, tí kò sí ọkọ nílé, báwo ló ṣe máa sọ̀rọ̀ nínú òjò nígbà tí ọkọ ti wà nílé? Kò lè ṣe é sà. Kì í ṣe pé kò fẹ́."

Olùkọ́ wa sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. "Kọ ìyẹn sílẹ̀," ó wí. Gbogbo wa ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdánwò àṣekágbá dé, a ṣe é. Àwọn kan yege, àwọn kan kò yege. Èmi yege, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi yangàn. Ní kété tí mo parí, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó láti lọ sinmi. Mo bá ìjà nílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti lọ ni Ìyá àgbà ti ń lọ jókòó ti Bàbá tíṣà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò kàwé, òun ló ń sọ ìtàn fún un, ti ẹjọ́ ilẹ̀, ti ìyàwó tó sá lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì tó jà lórí oko kòkó, títí dé bí wọ́n ṣe parí ìjà. Bàbá tíṣà ní ìtàn náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi ìparí ìjà kò wúlò, kí ó gé e kúrò.

"Ó ní kí n gé e," Ìyá àgbà ń ṣàlàyé fún mi. "Nǹkan tó ṣẹlẹ̀! Ojú mi ló ṣe! Níbo ni kí n gé e sí?"

Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí kò dé ọ̀hún. Èmi ni mo wá ń lọ láàárín ilé méjèèjì. Bàbá tíṣà ní ẹ̀bẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀. Ìyá àgbà ní kí ó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n òun ní itẹ́ òkú. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá tíṣà fún mi ní odidi iṣu kan pé kí n gbé e fún un, kí n má sọ nǹkan kan. Mo gbé e dé. Ìyá àgbà yí i síwá sẹ́yìn, ó fi èékánná họ ọ́ wò, ó ní iṣu náà dára. Ó sè é, ó gún un, ó bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ sínú abọ́ fún Bàbá tíṣà. Ó wá so gèlè rẹ̀, ó ní kí n gbé àtẹ ẹ̀gúsí, kí a lọ.